Ilé-iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù mi ní àwọn máa pa á níparí oṣù yìí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Ìyá Aláṣọ Ọjà Ọba

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, olè já ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọjà Ọba, wọ́n kó àǹkárá àti léèsì lọ. Ọmọ mi tó wà ní Ìbàdàn ló ní kí n ra kámẹ́rà. Mo ra mẹ́ta. Ọ̀kan ń wo ẹnu ọ̀nà, ọ̀kan ń wo ibi tí a to aṣọ sí, ẹ̀kẹta wà lẹ́nu géètì nílé. Láti ìgbà náà, kí n tó sùn, màá ṣí fóònù, màá wo ṣọ́ọ̀bù mi, ọkàn mi á balẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣí i tí mo rí ìkéde kan tó bo gbogbo ojú fóònù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọmọ mi ló túmọ̀ ẹ̀ fún mi: wọn ò ṣe irú kámẹ́rà yẹn mọ́, àti pé tó bá ti di ìparí oṣù yìí, áàpù rẹ̀ ò ní ṣí mọ́. Wọ́n ní ká lọ ra tuntun.

Kámẹ́rà yìí ò bàjẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu eruku ara wọn lánàá ni, iná búlúù kékeré iwájú wọn ń tàn bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ẹni tó ta nǹkan fún mi, tó ti gbowó lọ, ṣé ó tún lè padà wá pa á mọ́ mi lọ́wọ́? Ọmọ mi ní kí n fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò kékeré tó wà lẹ́yìn ẹ̀, kó lè bẹ̀rẹ̀ bíi tuntun, bóyá á gbà. Kí n tẹ̀ ẹ́?

Atẹ́rọṣe Roadblock

Ìyá wa, ẹ kú ọjà. Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ TẸ IHÒ YẸN.

Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kámẹ́rà á gbàgbé Wi-Fi yín, á gbàgbé fóònù yín, á wá dà bí ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́ nínú páálí. Kó tó lè tún ṣiṣẹ́, ó ní láti kàn sí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, kí wọ́n fún un láṣẹ. Tí kọ̀ǹpútà ọ̀hún bá ti kú, kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn. Mo ti gba irú ẹ̀ tó mẹ́rin sórí tábìlì mi lọ́dún yìí. Ilé-iṣẹ́ kọ́ ló pa wọ́n pátápátá, ọwọ́ ẹni tó ni wọ́n ni.

Ẹ má yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù. Bí wọ́n bá ti gbé e kúrò ní Play Store, ẹ ò ní rí i gbà mọ́. Bí fóònù àtijọ́ kan bá wà nílé tí áàpù náà wà lórí ẹ̀, ẹ fi pamọ́. Fídíò tí ẹ bá sì nílò, pàápàá ti olè tàbí ti ìjà tó ti dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, ẹ gbé e sórí fóònù yín lónìí. Ẹ má dúró de ọjọ́ tó kẹ́yìn, nítorí gbogbo ayé ló máa rọ́ wọbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan dání, ẹ wo abẹ́ ẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ṣé ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tó tó ìbú èékánná? Àyè mẹ́mórì káàdì nìyẹn. Ẹ sì wo páálí ẹ̀, ṣé wọ́n kọ ONVIF tàbí RTSP sí i? Èdè tí kámẹ́rà fi lè bá ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ mìíràn sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ ya fọ́tò ìwé tó lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀, kí ẹ bo nọ́ńbà rẹ̀ kí ẹ tó fi síbí.

Ọmọ FUTA

Ẹ káàsán mà. Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n, kí ẹ lè mọ ìdí tí ẹ̀rọ tí kò bàjẹ́ fi lè kú.

Bí ẹ bá dúró nínú ṣọ́ọ̀bù yín, tí kámẹ́rà wà lókè orí yín, tí ẹ wá ṣí fóònù láti wò ó, ọ̀pọ̀ irú kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú yìí kì í fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí yín tààrà. Ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà lókè òkun ni fóònù yín máa kọ́kọ́ lọ béèrè, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa so ó pọ̀ mọ́ kámẹ́rà. Owó ni ilé-iṣẹ́ ń san lórí kọ̀ǹpútà yẹn lóṣooṣù, ó sì ń san owó fún àwọn tó ń tún áàpù ṣe bí fóònù tuntun ṣe ń jáde. Ẹ̀yin sì rèé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ sanwó. Tí wọ́n bá ti rí i pé owó tó ń jáde ti ju èyí tó ń wọlé lọ, ibẹ̀ ni wọ́n máa gé.

Ẹ dán èyí wò mà. Ẹ jẹ́ kí router máa tàn, kí Wi-Fi wà, ṣùgbọ́n kó má sí dátà lórí ẹ̀. Ẹ lè yọ SIM rẹ̀. Kí fóònù yín wà lórí Wi-Fi yẹn, kí ẹ pa dátà tirẹ̀, kí ẹ wá ṣí áàpù. Bí àwòrán bá ṣì jáde, ọ̀rọ̀ yín ò le. Bí ó bá kàn ń yí gbirigbiri, a jẹ́ pé okùn ẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn.

Tísà Ìlú Oǹdó

Ìyá, ìbéèrè yín ni mo fẹ́ dáhùn, bóyá ẹni tó tajà lè padà wá pa á. Ó ń ṣẹlẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ lórí yín.

Ẹ̀rọ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Revolv, 300 dọ́là ni wọ́n ń tà á. Òun ló ń jẹ́ kí èèyàn fi fóònù kan ṣoṣo darí iná àti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn inú ilé. Nest, tó jẹ́ ti Google, ra ilé-iṣẹ́ yẹn ní 2014. Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún 2016, wọ́n pa á, àti èyí tó wà nílé onílé. Ti Insteon, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tiẹ̀ burú ju ìyẹn lọ: ní oṣù Kẹrin 2022, wọn ò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, àwọn èèyàn kàn rí i pé iná ilé wọn ò gbọ́ràn sí fóònù wọn mọ́. Àwọn kan lára àwọn tó ń lo ẹ̀rọ náà ló wá ra ilé-iṣẹ́ yẹn lóṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, tí wọ́n sì tún un tàn.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni Jibo, róbọ́ọ̀tì kékeré kan tó ń bá ará ilé sọ̀rọ̀, tó tó 900 dọ́là. Ní 2019, òun fúnra rẹ̀ ló la ẹnu sọ fún àwọn tó ni ín pé wọ́n máa pa kọ̀ǹpútà òun láìpẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó jó fún wọn. Ọmọ-ọmọ mi wà nílé, ọmọ ọdún márùn-ún ni, mo sì mọ ohun tí irú ìyẹn máa ṣe sí i. Ọ̀rọ̀ owó nìkan kọ́ nìyẹn mọ́.

Humane náà ta ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń fi há àyà aṣọ, 699 dọ́là. Kò pé ọdún kan tó jáde tí HP san mílíọ̀nù 116 dọ́là fún ohun ìní ilé-iṣẹ́ náà, tí wọ́n sì pa ẹ̀rọ ọ̀hún ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì 2025. Ẹni tó ti rà á ju 90 ọjọ́ lọ kò rí kọ́bọ̀ gbà padà.

Ọlọ́jà Ọ̀dà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi. Ṣé kì í ṣe nítorí pé a ń ra ọjà tí a ò mọ bàbá ẹ̀ ni? Bí Ìyá bá ra ti ilé-iṣẹ́ ńlá tí gbogbo ayé mọ̀, ṣé wọ́n máa ṣe èyí sí wọn?

Tísà Ìlú Oǹdó

Àbúrò, Google kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kékeré. Ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso ooru inú ilé tí Nest gbé jáde ní 2011 àti 2012, wọ́n gé e kúrò lórí áàpù ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá 2025. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ó yàtọ̀ sí ti Revolv: ó ṣeé fọwọ́ yí lára ògiri, nítorí náà ó ṣì ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ni ín. Belkin náà ti wà fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì fòpin sí Wemo, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti súìṣì tí èèyàn ń fi fóònù tàn, ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 2026. Ẹni tó ti so tirẹ̀ mọ́ HomeKit, ètò Apple tí wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ inú ilé, ṣáájú ọjọ́ yẹn lè máa lò ó lọ. Ẹni tí kò so ó, àyè ti dí mọ́ ọn.

Atẹ́rọṣe Roadblock

Ẹ ṣé, sà. Ìdí tí mo fi ń pariwo ṣáájú ọjọ́ nìyẹn. Ohun tó bá ṣeé ṣe, kí okùn tó já ni èèyàn ń ṣe é.

Onísólà Ọba-Ilé

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ sún mọ́lé, nítorí ọ̀pọ̀ wa ò ní kámẹ́rà, ṣùgbọ́n adúgbò tí kò ní ínfátà kò wọ́pọ̀ mọ́.

Oníbàárà mi kan ń gbé Abuja, ilé ẹ̀ wà níbí. Ó máa ń fi fóònù wo bátìrì ẹ̀ láti ọ̀hún. Lọ́jọ́ kan áàpù kọ̀, kò sì ṣí mọ́. Ọ̀gbẹ́ni yìí ti gbà pé ínfátà ti kú, ó ti ń bá àwọn tó ń ra àlòkù sọ̀rọ̀. Mo ní kó fún mi ní wákàtí kan. Mo débẹ̀, àgádágodo ni mo bá lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ìdáná. Aládùúgbò tó mú kọ́kọ́rọ́ dé ló ṣílẹ̀kùn. Fáànù ínfátà ń fẹ́, fíríìjì ń kùn. Mo tẹ bọ́tìnnì ojú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó gbé nọ́ńbà jáde: bátìrì wà ní 84 nínú 100. Kò sóhun tó ṣe é! Ẹ̀rọ kékeré bí ìka ọwọ́ tí wọ́n kì bọ abẹ́ ẹ̀, tó ń bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀, òun ni ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ya fọ́tò ojú ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Ó pè mí, ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó ní, "Ẹnjiníà, mo ti fẹ́ tà á ní ìlàjì owó."

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó kú. Ṣé ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ni, tàbí ẹnu tó fi ń bá fóònù sọ̀rọ̀?

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kọkànlá 2024, ínfátà Deye kan ní Amẹ́ríkà ṣíwọ́ iṣẹ́, ìkéde sì hàn lójú wọn pé wọn ò gbà kí wọ́n lò wọ́n lórílẹ̀-èdè yẹn. Ọ̀rọ̀ ta ló láṣẹ láti tajà níbẹ̀ ló bí i. Àwọn tó rà á kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá so ínfátà fún ẹnikẹ́ni, màá jẹ́ kó ṣiṣẹ́ odidi ọ̀sẹ̀ kan láìsí Wi-Fi, kí gbogbo wa fojú rí i pé ó lè dá dúró. Gbogbo ètò tí mo tẹ̀ sínú ẹ̀, ibi tí bátìrì máa gé, iye tó máa fi gba iná NEPA, màá kọ ọ́ sínú ìwé, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹ béèrè ìwé yẹn lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ṣe tiyín.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Ẹ kú àlàyé. Ti ìlera ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ọmọ kan ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ránṣẹ́ sí bàbá ọkọ mi ní Oǹdó. Ẹ̀rọ náà rẹwà, ṣùgbọ́n kò lójú tó ń fi nọ́ńbà hàn, orí fóònù nìkan ni nọ́ńbà ti ń jáde. Fóònù Bàbá já bọ́ sómi, a ra òmíràn, a wá áàpù náà títí, a ò rí i mọ́. Mo wé ọ̀já yẹn mọ́ apá Bàbá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ̀rọ ń hó, ọ̀já ń fún wọn lápá, afẹ́fẹ́ tú jáde, ó dákẹ́. Bàbá wò mí lójú, wọ́n ní, "Èló ni?" Mi ò ní nǹkan tí mo lè sọ fún wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ ìwọnfúnpá, ẹ̀rọ ìtọ̀ ṣúgà, èyí tí nọ́ńbà ń hàn lójú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa rà fún àwọn òbí wa. Kí ẹ sì ra ìwé kékeré kan tì í, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ láràárọ̀.

Ọmọ FUTA

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Bàbá ńkọ́ báyìí?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Wọ́n wà dáadáa. A ti ra olójú.

Tísà Ìlú Oǹdó

Ẹ rántí mítà iná wa náà. Ọ̀pọ̀ ò mọ ìdí tí wọ́n fi ní ká tẹ nọ́ńbà gígùn méjì sí i ní 2024 kí mítà tó gba owó mọ́. Ìṣẹ́jú ni nọ́ńbà owó iná ń kà láti 1993, àpótí tó ń gba kíkà náà sì kún ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá 2024. Mítà tí wọn ò tẹ nọ́ńbà yẹn sí kò gba owó tuntun mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n kéde ṣáájú, ọ̀fẹ́ ni nọ́ńbà náà, ọwọ́ ara wa la sì fi tẹ̀ ẹ́ nílé. Ẹni tó bá ta ẹ̀rọ tó lọ́jọ́ ikú, ó kéré tán kó ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Agbẹjọ́rò Alágbàká

Ìyá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti òfin. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, ti 2018, sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ wúlò, kó sì tọ́jọ́ tó bó ṣe yẹ. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ló ń gba ẹ̀sùn lórí ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún yín, ẹ fi ẹ̀dà rìsíìtì àti fọ́tò ìkéde yẹn tì í, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ní pàtó: owó, tàbí pààrọ̀. Bí wọn ò bá dáhùn, ìwé yẹn kan náà lẹ máa gbé lọ sí FCCPC. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ọwọ́ wa tètè ń tó ilé-iṣẹ́ tí kò ní ọ́fíìsì níbí. Ẹni tó kó ọjà náà wọlé, tó ń tà á, ni ọwọ́ tó, nítorí náà ẹ di rìsíìtì yín mú.

Ó ti ṣiṣẹ́ fún àwọn kan. Nígbà tí Spotify fẹ́ pa Car Thing, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń darí orin nínú mọ́tò, ní oṣù Kejìlá 2024, ẹni tó ní ẹ̀rí pé òun rà á rí owó gbà. Logitech náà fẹ́ pa Harmony Link, ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí èèyàn fi fóònù darí tẹlifíṣọ̀n, ní 2018, àwọn oníbàárà fàbínú yọ, wọ́n sì fún wọn ní ẹ̀rọ tó ga ju ìyẹn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin 2024, òfin ti ní kí ẹni tó ṣe irú ẹ̀rọ yìí sọ fún oníbàárà bí ó ṣe máa pẹ́ tó tí yóò fi máa tún ààbò rẹ̀ ṣe. Ní Amẹ́ríkà, FTC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà níbẹ̀, yẹ ẹ̀rọ 184 wò ní 2024, nǹkan bí 89 nínú 100 ni kò sọ ọ́ lórí ìkànnì wọn. Ó yẹ kí irú òfin yẹn wà níbí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí.

Ọlọ́jà Ọ̀dà

Mo ti gbọ́, ẹ ṣé. Ìbéèrè kan péré. Kámẹ́rà tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà ní Arákàlé ńkọ́? Ó pọ̀ lọ́jà, owó ẹ̀ ò sì wọ́n.

Atẹ́rọṣe Roadblock

Ẹ ṣọ́ra gan-an. Òmíràn, ìdí tí owó ẹ̀ ò fi wọ́n ni pé wọ́n ti pa á lókè òkun. Òmíràn ṣì wà lórúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, kò sì ní gbọ́ràn sí yín lẹ́nu títí yẹn á fi yọ ọ́. Ẹ ní kí wọ́n tàn án lójú yín, kó wọ orí fóònù yín níbẹ̀, kí ẹ tó sanwó. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí Google pẹ̀lú "end of support", kí ẹ ka ohun tó bá jáde.

Èyí tí wọn ò bá sì tún ààbò rẹ̀ ṣe mọ́, ẹ má jẹ́ kó máa wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2016, àwọn ọ̀daràn kó irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ àti àwọn ẹ̀rọ mìíràn jọ, tí páswọ̀ọ̀dù wọn ṣì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, wọ́n fi kọlu àwọn ìkànnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mirai ni orúkọ ètò burúkú tí wọ́n fi kó wọn jọ. Ẹ yí páswọ̀ọ̀dù, ẹ gé e kúrò nínú íntánẹ́ẹ̀tì, kó máa gbà sórí mẹ́mórì káàdì tàbí sínú DVR, ẹ̀rọ tó ń tọ́jú fídíò, tó wà lọ́wọ́ yín.

Ìyá Aláṣọ Ọjà Ọba

Ẹ̀yin ọmọ mi, Olúwa á máa gbọ́ tiyín o. Mi ò tẹ ihò. Mo ti gbé fídíò ọjọ́ tí olè tún wá lẹ́ẹ̀kejì sórí fóònù ọmọ mi.

Mo mú àwọn kámẹ́rà sọ̀kalẹ̀ lónìí lẹ́yìn tí mo ti ṣọ́ọ̀bù. Mo wọ gíláàsì mi, mo fi tọ́ọ̀ṣì wò wọ́n. Méjì ti ṣọ́ọ̀bù ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ideri rọ́bà kékeré ló bò ó, ọdún méjì ni mo ti ń lò ó tí mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Páálí wọn ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. ONVIF wà lára ẹ̀ lóòótọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán adápítà. Mo yọ SIM router bí ọmọ FUTA ṣe wí. Méjèèjì gbé àwòrán wá! Ti géètì ni kò ní ihò, kò sì gbé nǹkan kan wá, ó kàn ń yí.

Mo lọ bá ẹni tó tà á fún mi. Ó ní òun ò mọ nǹkan kan sí i. Mo ti ní kí ọmọ mi bá mi kọ ìwé tí Agbẹjọ́rò sọ, rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi.

Ọmọ FUTA

Ẹ ṣé mà! Bí ONVIF bá wà lára ẹ̀, a lè fi laptop àtijọ́ kan àti Home Assistant, ètò tó ń darí ẹ̀rọ inú ilé láti orí kọ̀ǹpútà ẹni, wo méjèèjì láìkan ilé-iṣẹ́ rárá. Ọ̀fẹ́ ni. Iná nìkan ló máa nílò. Ṣé ínfátà wà ní ṣọ́ọ̀bù?

Ìyá Aláṣọ Ọjà Ọba

Kékeré kan wà, ó ń gbé fáànù àti gílóòbù méjì.

Onísólà Ọba-Ilé

Á gbé e. Ẹ kàn ra mẹ́mórì káàdì méjì sílẹ̀, kí ẹ má ra èyí tí kò ní páálí. Ti géètì, màá mú kámẹ́rà oníwáyà kan tí mo ní nílé dání, a máa so ó mọ́ DVR.

Ọmọ FUTA

Ẹ̀gbọ́n, ṣé Sátidé rọrùn fún yín? Aago mẹ́wàá, kí ọjà tó kún.

Ìyá Aláṣọ Ọjà Ọba

Sátidé dára. Màá se ẹ̀wà àti dòdò sílẹ̀ dè yín. Bí ẹ bá ti dé ẹnu ọ̀nà ọjà, ẹ pè mí, èmi fúnra mi ni màá jáde wá mú yín.